Ẹrú Náà Ṣe Ọmọ Rí

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, tí àwọn mìíràn nínú yín dúró nítorí pé àga kò kárí, ẹ kú ìdúró o. Gbogbo ilé pátá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kí n tó la ẹnu mi, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jù mí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ yìí wúwo.

Òwe kan wà tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Wọ́n ní: "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta. Ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n tún un pa, kí ó lè wọ̀ wá létí dáadáa. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Ẹrú náà ṣe ọmọ rí.

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo oko ẹrú dé gbòǹgbò. Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò dárúkọ pàṣán, kò sì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣelàágùn. Ohun tó sọ ni pé ẹnì kan kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí lónìí. Ìlú yòówù tí mo ti ka ìtàn ẹrú ní ayé yìí, nǹkan kan náà ni mo ń bá níbẹ̀: kí wọ́n tó lè sọ ènìyàn di ẹrú, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí kò ní ará. Wọ́n á mú un jìnnà, wọ́n á gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi àmì sí i lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ àti pàṣán ń dé.

Ayé àtijọ́

Ta ló bẹ̀rẹ̀ oko ẹrú? Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì máa ń rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ kí n dárúkọ ìran kan tí a ó jọ máa bú. Kò sí ìran tí mo lè dárúkọ. Níbi tí ọmọ ènìyàn ti mọ̀wé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, a bá ẹrú nínú ìwé náà.

Ẹ wo Bábílónì. Òfin Hammurabi ọba wọn, tí wọ́n fín sára òkúta ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris títí di òní. Òfin kan níbẹ̀ sọ pé bí onígbàjámọ̀ bá fá àmì ẹrú kúrò lára ẹrú ẹlòmíràn láìjẹ́ pé olówó ẹrú náà mọ̀, kí wọ́n gé ọwọ́ onígbàjámọ̀ náà. Kí ló dé tí ìyà náà fi le tó bẹ́ẹ̀? Ó le nítorí pé bí àmì yẹn bá ti kúrò, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán ya ẹrú sọ́tọ̀ lára ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì. Nígbà kan níbẹ̀, tálákà tó bá jẹ gbèsè, ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á fi dí i. Ní ọdún 594 ṣáájú ìbí Jésù, Solon tó ń ṣe olórí wọn fòpin sí i. Ó wá àwọn tí wọ́n ti tà sí òkèèrè, ó sì mú wọn padà wálé. Ó kọ ewì nípa rẹ̀, ohun kan tó sọ nínú ewì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á: ó ní àwọn kan nínú wọn ti rìn jìnnà débi pé èdè Áténì ti bọ́ lẹ́nu wọn. Ọdún mélòó ni ènìyàn máa lò lóko ẹrú kí èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ohun tí Solon ṣe dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn kò lè kó ọmọ Áténì mọ́, àjòjì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwọn àjòjì yẹn ni wọ́n kó wọ inú ihò fàdákà ní Laurion. Aristotle, ọlọ́gbọ́n tí gbogbo ayé ń wárí fún, jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú jẹ́ irinṣẹ́ tó ní ẹ̀mí, pé wọ́n dá àwọn ènìyàn kan bẹ́ẹ̀ láti ọ̀run wá. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Lórí èyí, èrè ilé ló fọ́ ọ lójú.

Ìtàn Róòmù, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n: Spartacus, tí òun náà jẹ́ ẹrú, kó ẹrú jọ ní ọdún 73 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n bá Róòmù jà fún nǹkan bí ọdún méjì, nígbà tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ni wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti Capua títí dé Róòmù. N kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dúró wò ni ìdí tí wọ́n fi ń ra ẹrú láti ọ̀nà jíjìn. Ní Íjíbítì, àwọn ọba ń ra ọmọdékùnrin láti ẹ̀gbẹ́ Òkun Dúdú, wọ́n ń kọ́ wọn ní ogun jíjà. Kí ló dé tí wọn kò fi lo ọmọ onílé? Ọmọ onílé ní baba, ó ní ìdílé tó lè gbè é bí ó bá ṣọ̀tẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rà láti òkèèrè kò ní ẹnì kan àfi ẹni tó rà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó. Àwọn ẹrú ológun náà, Mamluk ni wọ́n ń pè wọ́n, padà gba ìjọba, wọ́n sì ṣàkóso Íjíbítì láti ọdún 1250 sí 1517. Àní ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹrú, slave, ara orúkọ ìran Slav ni ó ti jáde, àwọn ènìyàn funfun ìlà-oòrùn Yúróòpù tí wọ́n ń kó tà káàkiri láyé ọjọ́un. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé awọ dúdú ni a dá mọ́ oko ẹrú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá.

Àwọn dúdú náà kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Ní gúúsù Ìráàkì, nítòsí Basra, wọ́n kó àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ń pè ní Zanj láti máa họ ilẹ̀ iyọ̀. Ní ọdún 869 wọ́n dìde. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi bá ìjọba jà kí wọ́n tó rí wọn ṣẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, àwọn tó kó ará ilé ara wọn lẹ́rú ńkọ́? Ẹ wo Kòríà. Ọmọ Kòríà ló ń kó ọmọ Kòríà lẹ́rú, èdè kan, àwọ̀ kan, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nobi ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì ń bí ènìyàn sínú rẹ̀ ni. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ya ẹrú sọ́tọ̀? Ọ̀pọ̀ nobi kò ní orúkọ ìdílé. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n rán níṣẹ́, wọn kò ní orúkọ tí ó fi hàn pé wọ́n ti ibì kan wá. Ní ọdún 1801 ìjọba kó ìwé tí wọ́n kọ àwọn ẹrú ìjọba sí, wọ́n sun ún níná. Ọdún 1894 ni òfin tó fagi lé gbogbo rẹ̀ tó dé.

Ilé tiwa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí n fo apá yìí. N kò ní fò ó.

Àwọn baba ńlá wa ní ẹrú. Ìwọ̀fà wà lọ́tọ̀, mo gbà. Ìwọ̀fà fi iṣẹ́ ọwọ́ dúró fún gbèsè ni, ìyá rẹ̀ mọ ilé tó wà, ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ bá san owó náà ni ó di òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹrú tún wà, ẹni tí wọ́n kó lógun tàbí tí wọ́n rà lọ́jà. Ìlàrí, ẹrú ààfin tí Aláàfin ń rán níṣẹ́, a máa gba orúkọ tuntun láàfin, orúkọ tí ó ń sọ̀rọ̀ ọba nìkan. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní oko rẹpẹtẹ tí ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, ogun abẹ́lé bo gbogbo ilẹ̀ wa, ènìyàn sì ni ìkógun tó níye lórí jù.

Ní ọdún 1821, ogun ya wọ Òṣoògùn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Àjàyí. Ta ló wá kó wọn? Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà: Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí ni, àti Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹrú tó sá lánàá ló ń fi okùn sọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ lónìí, èdè tí ọmọ náà gbọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Okùn ni wọ́n fi so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n bá dá Àjàyí padà.

Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún yà wọ́n. Wọ́n tà á títí ó fi ń sún mọ́ etíkun. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á fún àwọn Potogí, ẹ̀rù bà á débi pé ó ń ro ikú. Ọmọdé lẹ̀ ń gbọ́ o, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ẹ mọ bí ó ṣe parí: òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rántí ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn okùn yẹn, ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó wá a wá. Crowther kọ ọ́ pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀, omijé ńlá ń yí lójú ìyá. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ìyá, ó ṣojú ìyá kan.

Òkun

Àwọn tí ọkọ̀ ogun kò dá dúró ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó sọ́kọ̀ ní etíkun Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ni ó gúnlẹ̀. Ẹ fi èkejì yọ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ìyókù wà nísàlẹ̀ òkun.

Kí ló fi oko ẹrú yìí yàtọ̀ sí ti àtijọ́? Wọ́n kọ ọ́ mọ́ awọ ara, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwé ìṣirò owó. Ní Virginia ní ọdún 1662, wọ́n ṣe òfin pé ipò tí ìyá bá wà ni ọmọ yóò wà. Bí ó bá jẹ́ olówó obìnrin náà ló fún un lóyún, ọmọ olówó di ẹrú olówó. Inú ìyá, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wá, ni wọ́n sọ di ilé ìṣúra ẹlòmíràn.

Ìtàn ọkọ̀ Zong nìyí. Ọdún 1781. Ọkọ̀ náà ṣìnà nítòsí Jàmáíkà, àwọn atukọ̀ ní omi mímu kò ní tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọn ènìyàn dúdú sínú òkun láàyè, ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ó lé ní 130. Òjò rọ̀ láàárín rẹ̀, omi wà, wọ́n ṣì ń jù wọ́n. Kí ló dé? Ẹrú tó bá kú fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀, òfo ọlọ́kọ̀ ni. Èyí tí wọ́n bá jù dànù láti gba ọkọ̀ là, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni yóò san án, ọgbọ̀n pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní London ní ọdún 1783, ẹjọ́ owó ni wọ́n ń rò. Lord Mansfield, adájọ́ àgbà, sọ pé lójú òfin, bí ìgbà tí wọ́n ju ẹṣin sómi ni. Olaudah Equiano, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ló sáré lọ sọ fún Granville Sharp, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń bá oko ẹrú jà, pé ìpànìyàn ni èyí. Wọn kò fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnikẹ́ni títí di òní. Bí a bá wá orúkọ àwọn ènìyàn náà lónìí, a kò ní rí i. Ìyá wọn kò gbọ́.

Ìdásílẹ̀, àti owó tó bá a rìn

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè kan tí ó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, ta ni wọ́n san owó fún?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí òfin ìdásílẹ̀ ní ọdún 1833. Ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bínú. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún. Ẹrú kò rí kọ́bọ̀, wọ́n tún ní kí ó máa ṣiṣẹ́ sin ọ̀gá rẹ̀ lọ títí di ọdún 1838. Gbèsè tí ìjọba jẹ láti rí owó yẹn san, ọdún 2015 ni wọ́n tó san án tán.

Ti Haiti burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde ní ọdún 1791, wọ́n ṣẹ́gun ọmọ ogun Napoleon, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804 wọ́n kéde òmìnira. Ní ọdún 1825, ọba Faransé kó ọkọ̀ ogun wá sí èbúté wọn, ó ní kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù faransi fún àwọn tó pàdánù dúkìá. Ara dúkìá náà ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n padà bù ú kù sí 90 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n Haiti ní láti yá owó ní báńkì Faransé kí ó tó lè san owó fún Faransé. Ọdún 1947 ni wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè tó ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ìdí tí Haiti fi tòṣì, ẹ sọ fún un.

Ní Amẹ́ríkà, òmìnira dé ní ọdún 1865. Kí ni àwọn tó gba òmìnira kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn mú ọ̀nà pọ̀n, wọ́n ń wá ènìyàn wọn. Wọ́n ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún: mo ń wá ìyá mi, orúkọ rẹ̀ nìyí, ẹni báyìí ló tà á fún ẹni báyìí, ọmọdé ni mí nígbà náà. Àwọn ìkéde yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kò lè kà wọ́n láìsunkún. Ohun tó mú un le ni pé nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 1850 àti 1860, wọn kò kọ orúkọ ẹrú. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀, lábẹ́ orúkọ olówó rẹ̀, ó parí. Títí di òní, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó bá ń tọpa ìdílé rẹ̀ yóò dé ọdún 1870, yóò sì bá ògiri pàdé.

Lónìí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ. Mauríténíà fagi lé oko ẹrú ní ọdún 1981, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣe òfin tí yóò fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe é. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló wà nínú oko ẹrú òde òní: 28 mílíọ̀nù nínú iṣẹ́ àfipáṣe, 22 mílíọ̀nù nínú ìgbéyàwó tí wọ́n fipá kó wọn sí. Ní ọdún 2017, fídíò jáde láti Líbíà tí wọ́n ti ń fi àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ ṣe gbànjo.

Ọgbọ́n náà kò yí padà. Ọmọbìnrin tó lọ ṣiṣẹ́ ilé lókè òkun, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwé ìrìnnà. Kí ló tẹ̀ lé e? Fóònù. Wọ́n á wá sọ fún un pé ó jẹ gbèsè ọkọ̀ tó gbé e wá, gbèsè tí kì í tán. Ẹni tí kò ní ìwé, tí kò lè pe ilé, tí kò gbọ́ èdè ìlú, bí ó bá kú nínú yàrá yẹn, ta ni yóò gbọ́?

Ó tún wà nínú ẹnu wa. Mo ti jókòó níbi tí àwọn kan ti ń jà sí ilẹ̀ rí, tí ọ̀rọ̀ gbóná, tí àgbàlagbà kan na ìka sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní: "Ta ni baba ńlá rẹ? Ṣebí a rà á ni." Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí wọ́n na ìka sí náà kò lè dáhùn, nítorí pé lóòótọ́, kò mọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Ìgbò ṣe òfin lòdì sí pípe ènìyàn ní Osu, ìyẹn ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, láti ọdún 1956, síbẹ̀ àwọn òbí kan ṣì ń tú àdéhùn ìgbéyàwó ká nítorí rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nígbà tí mo bá wà níbi ìjà ilẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan ṣoṣo sí i, kí n sì lọ jókòó. Kossola ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Oluale. Ọmọ Yorùbá ni, láti apá ibi tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ogun Dahomey kó o, wọ́n tà á ní Whydah. Ní ọdún 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti àwọn bí 110 lọ sí Mobile ní Alabama lóru. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n fẹ́ padà wálé, wọn kò rí owó ọkọ̀. Wọ́n bá ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú dó níbẹ̀, Africatown. Cudjo Lewis ni ayé ń pè é. Ọdún 1935 ni ó kú. Kí ó tó kú, ó sọ fún òǹkọ̀wé kan tó wá gbọ́ ìtàn rẹ̀ pé òun fẹ́ kí ẹnì kan pe orúkọ òun lórí ilẹ̀ Áfíríkà lọ́jọ́ kan, kí ẹnì kan níbẹ̀ sì dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde. Mo máa pe orúkọ náà, kí ẹ dá mi lóhùn pé a mọ̀ ọ́n.

Kossola, ọmọ Oluale!